Bàbá Ńlá Tàbí Olówó Ẹrú?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò sọ pé kí a wo ilé tí ó ga jù lọ ní àdúgbò, kí a wá fi orúkọ onílé náà sọ ọmọ wa. Ilé tiwa ni ó ní kí a wò, ìbáà sán lára ògiri, ìbáà máa jò lórí. Mo fi òwe yìí ṣíde ọ̀rọ̀ mi nítorí àṣà kan tí ó gbòde láàárín àwọn ènìyàn dúdú tí ó wà ní òkè òkun, tí ó sì ti ń ran àwa tí a wà nílé. Àṣà náà ni wíwá orírun kiri nínú ìwé àtijọ́, àti nínú itọ́ ẹnu tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ìdílé aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà lè wá orírun rẹ̀ títí, kí àwárí náà sì gúnlẹ̀ sí ọ̀dọ̀ òyìnbó kan tí ó ń gbin tábà ní Virginia tàbí Maryland nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso ibẹ̀. Wọn a kọ orúkọ rẹ̀ sí òkè pátápátá, wọn a fi àwòrán ìlà ìdílé náà kọ́ ara ògiri, wọn a sì máa pè é ní bàbá ńlá wa.

N kò bínú sí ẹni tí ń wá orírun. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ohun tí mo lòdì sí ni pé kí a wá orírun débi pé a kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ó bí wa àti ẹni tí ó rà wá. Ohun tí mo sì lòdì sí jù ni pé kí àwa ará ilé máa fi àwọn ará ọ̀hún rẹ́rìn-ín, nígbà tí àwa náà ń ṣe ohun kan náà ní Mòwé, ní Ìbàfọ̀ àti ní Ìfọ̀, lójú ara wa, lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí àgbẹ̀ tábà yìí jẹ́. Ní ọdún 1607 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ Jamestown dó ní Virginia. Ebi àti àìsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ run wọ́n tán, wọn kò sì rí wúrà tí wọ́n torí rẹ̀ sọdá òkun. Ní nǹkan bí ọdún 1612, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ John Rolfe bẹ̀rẹ̀ sí í gbin irú tábà kan tí ó bá àwọn ará London lẹ́nu mu. Láti ìgbà náà ni tábà ti di wúrà ilẹ̀ náà. Òun ni wọ́n fi ń san owó orí, òun ni wọ́n fi ń san owó iṣẹ́ fún àlùfáà. Ní ọdún 1614, Rolfe fẹ́ Pocahontas, ọmọbìnrin olórí àwọn Powhatan tí wọ́n ni ilẹ̀, wọ́n sì bí ọmọkùnrin kan. Ní òpin oṣù kẹjọ ọdún 1619, ọkọ̀ kan gúnlẹ̀ sí èbúté Virginia, àwọn ọmọ Áfíríkà tí iye wọ́n lé díẹ̀ ní 20 sì wà nínú rẹ̀. Rolfe yìí kan náà ni ó kọ ọ̀rọ̀ náà sínú lẹ́tà. Ó kọ iye wọn. Ó kọ ọ́ pé oúnjẹ ni wọ́n fi rà wọ́n. Kò kọ orúkọ ẹyọ ẹnì kan nínú wọn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tí a ń sọ yìí ti ṣẹ̀.

Iṣẹ́ tábà ń fẹ́ ọwọ́ púpọ̀: gbígbìn, ríro, ṣíṣa kòkòrò, kíkórè, sísá. Bí oko ti ń gbòòrò ni ẹrú ń pọ̀ sí i, ni òfin sì ń le sí i. Nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì, ipò baba ni ọmọ ń jogún. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1662, àwọn aṣòfin Virginia yí i padà; wọ́n ní ipò ìyá ni ọmọ tí a bá bí níbẹ̀ yóò máa tẹ̀ lé. Ẹ wo ọgbọ́n àrékérekè! Olówó tí ó bá ki ẹrúbìnrin rẹ̀ mọ́lẹ̀ lóru kò bí ọmọ lójú òfin. Ẹrú ni ó bí, ó sì fi kún dúkìá rẹ̀. Ó lè ta ọmọ náà, ó lè fi dúró láti yá owó, ó lè fi ṣe ẹ̀bùn ìgbéyàwó fún ọmọ tí ìyàwó ilé bí. Ẹni tí ó gbé òfin kalẹ̀ pé òun kì í ṣe baba, tí ó sì jẹ èrè òfin náà, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a óò máa kí ní bàbá ńlá?

Àwọn òyìnbó Virginia pàápàá fi hàn wá pé yíyàn ni ọ̀rọ̀ ìran lọ́dọ̀ wọn. Ní ọdún 1924, wọ́n ṣe òfin pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dúdú bá kan ara rẹ̀, bí ó ti wù kí ó kéré tó, kì í ṣe òyìnbó. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́lá kan wà tí wọ́n ń yangàn pé ìran Rolfe àti Pocahontas ni àwọn. Kí òfin má baà mú àwọn wọ̀nyí, wọ́n fi àyè kan sílẹ̀ nínú rẹ̀ pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ àwọn onílẹ̀ àtijọ́ tí ó wà lára rẹ̀ kò bá ju ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún lọ, òyìnbó ni. Ẹ̀jẹ̀ kan di ohun ẹ̀ṣọ́, ẹ̀jẹ̀ kejì di àbàwọ́n. Wọ́n mú èyí tí ó wù wọ́n nínú ìran wọn, wọ́n sì ti ìyókù síta.

Àwọn kan yóò sọ pé àwárí ni àwárí, pé ìwé ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a bi ìwé náà léèrè. Nínú ètò ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti ọdún 1850 àti ti 1860, ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọ ẹrú sí. Orúkọ olówó ni ó wà níbẹ̀. Àwọn ẹrú kò ní ju ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti àwọ̀ ara lọ. Ọdún 1870 ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn dúdú tó kọ́kọ́ rí orúkọ wọn nínú ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà ṣáájú ìgbà náà, inú ìwé ogún olówó ni yóò wọ̀, níbi tí wọ́n ti to orúkọ ènìyàn pọ̀ mọ́ màlúù, ìkòkò irin àti àga, tí wọ́n sì kọ iye owó sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, bí ìlà ìdílé bá gùn títí tí ó fi dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ tábà, kì í ṣe nítorí pé òun ni ó ga jù nínú àwọn tí ó bí wọn. Òun ni ó ni gègé lọ́wọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí a tún ṣe ìṣirò díẹ̀. Òbí méjì ni olúkúlùkù ní. Àwọn òbí wọ̀nyẹn ní òbí mẹ́rin. Bí a bá ń ka á lọ bẹ́ẹ̀, tí a bá dé ìran kẹwàá, ipò 1,024 ni àwọn tí ó bí wa wà. Ìran kẹwàá kò sì jìnnà púpọ̀: nǹkan bí ọdún 250 sí 300 sẹ́yìn ni, ìgbà tí oko tábà wà ní góńgó. Àgbẹ̀ tábà náà jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo nínú 1,024. Èwo wá ni ti 1,023 yòókù? Níbo ni a gbé obìnrin tí ó lóyún náà sí? Níbo ni a gbé ìyá tí ó bí i sí, èyí tí ó ṣeé ṣe kí ó sọdá òkun nínú ọkọ̀ tí ó ń rùn? Bí ẹnì kan bá fi ẹnì kan bo ẹgbẹ̀rún ènìyàn mọ́lẹ̀ tán, kí ó má sọ fún mi pé òun ti mọ orírun òun.

Àwọn tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò náà, ọjà ni wọ́n ń tà. Lóòótọ́, ìmọ̀ tí ó wà nídìí DNA kì í ṣe irọ́, ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà ní Ìbàdàn fún iṣẹ́ ìwádìí HapMap, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, sì wà lára òṣùwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kì í ṣe ìtàn. Àwọn tí ọkọ̀ kó lọ sí oko tábà Virginia, láti etíkun ìhà ilẹ̀ Ìgbò, láti Senegal àti Gambia, àti láti Àngólà ni púpọ̀ nínú wọn ti lọ. Ìgbà tí ogun tú ilẹ̀ Yorùbá ká gan-an, Amẹ́ríkà ti fi òfin de kíkó ẹrú wọlé láti ọdún 1808. Brazil àti Cuba ni púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa bá lọ. Nítorí náà, kí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ìdá kan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti Nàìjíríà má yára ra fìlà abetí-ajá. Kí ó sì rántí pé ohun tí ó fi ránṣẹ́ kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2023, àwọn ọlọ́ṣà wọ inú àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ 23andMe, wọ́n jí ọ̀rọ̀ nípa àwọn ènìyàn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méje. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé òun ti wọ gbèsè, wọ́n sì gbé dúkìá rẹ̀ sí ọjà. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti tà lẹ́ẹ̀kan ní èbúté ni wọ́n tún ń ná lẹ́ẹ̀kejì.

Ṣé ọ̀nà mìíràn wà? Ó wà. Ní ọdún 1828 ni wọ́n bí James Churchwill Vaughan ní Camden, ní South Carolina. Scipio, baba rẹ̀, ti ṣe ẹrú rí. Orúkọ òyìnbó tí ó ni ín ni Vaughan. Ìtàn ìdílé wọn sọ pé kí Scipio tó kú, ó pàṣẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n padà sí Áfíríkà. James lọ sí Làìbéríà. Ní ọdún 1855 ó dé ilẹ̀ Yorùbá, ó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà fún àwọn oníwàásù Onítẹ̀bọmi. Ogun Ìjàyè ti ọdún 1860 sí 1862 bá a níbẹ̀. Ó sá wá sí Abẹ́òkúta. Ìfọ́lé ọdún 1867 tún lé e kúrò ní Abẹ́òkúta wá sí Èkó. Níbẹ̀ ni ó ti ń ta irin àti ohun èlò ìkọ́lé títí ó fi lówó. Ní ọdún 1888, ó wà lára àwọn tí ó yapa kúrò lábẹ́ àwọn òyìnbó láti dá ìjọ Onítẹ̀bọmi tí ènìyàn dúdú ń darí sílẹ̀. Ó kú ní ọdún 1893. Nínú ìran rẹ̀ ni a ti rí Dókítà J. C. Vaughan, tí ó wà lára àwọn tí ó dá Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1934, àti Kofoworọlá Adémọ́lá, tí ó gba oyè ní yunifásítì Oxford ní ọdún 1935.

Ìdílé yìí ń jẹ́ orúkọ olówó ẹrú di òní. Síbẹ̀, ta ni ó gbọ́ ọ rí ní Èkó pé wọ́n ń ki olówó náà ní oríkì? Scipio ni wọ́n fi ṣe orísun. Àwọn kan nínú wọn ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti mú un. Èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀ tààrà, nítorí pé ọdún 1830 ni wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó, Scipio sì ti ń bí ọmọ ní Amẹ́ríkà ṣáájú ìgbà náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lisa Lindsay tú ìtàn ìdílé náà wò fínnífínní nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 2017. Ṣùgbọ́n bí ìlú bá tilẹ̀ ṣì wọ́n, ọkàn kò ṣì wọ́n. Ẹni tí wọ́n jìyà bí wọn ni wọ́n dì mú, wọn kò dì mọ́ ẹni tí ó fi ìyà jẹ ẹ́.

Wàyí o, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ jẹ́ kí a padà wálé. Kì í ṣe Virginia nìkan ni tábà ti ra ènìyàn. Tábà Bahia láti Brazil, èyí tí wọ́n fi omi ìrèké dídì pa lára kí ó lè máa ta sánsán, ni ọ̀kan pàtàkì nínú ọjà tí wọ́n fi ń ra ẹrú ní Ouidah, ní Àjàṣẹ́, ní Àgbádárìgì àti ní Èkó. Ta ni ó ń gba tábà náà? Àwọn baba wa ni, àti àwọn ìyá wa pẹ̀lú. Ẹfúnróyè Tinúbú, Ìyálóde Ẹ̀gbá, tí ó kú ní ọdún 1887, akọni obìnrin ni. Ó tún ṣòwò iyọ̀, ó ṣòwò tábà, ó sì ṣòwò ẹrú. Gbàgede ńlá ní Èkó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. N kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ pa orúkọ náà rẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ sọ àgbẹ̀ Virginia lókò, kí ó kọ́kọ́ wo ilé tí òun dúró sí.

Nínú agboolé wa, a ní àwọn tí kì í ṣe pé wọ́n bí wọn síbẹ̀. Ogun ni ó kó wọn dé. Òtítọ́ ni pé ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, ọmọ tí ẹrúbìnrin bá bí fún olówó rẹ̀, ọmọ ni, kì í ṣe ẹrú. Níbẹ̀ ni a ti sàn ju òfin 1662 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ dé ìpàdé ẹbí lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ oyè tàbí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá délẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ lábẹ́lẹ̀ pé lágbájá kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, pé ẹrú ni ìyá ìyá baba rẹ̀. Ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ni ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Òwe yìí wà lẹ́nu wa, kò wọ inú wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù ni agbègbè tí mo mọ̀ dáadáa. Abúlé oko ni púpọ̀ nínú ibi tí ó yí Mòwé àti Ìbàfọ̀ ká, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé. Ìfọ̀ tètè là díẹ̀ jù wọ́n lọ, nítorí ọ̀nà ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní ọdún 1896 gba ibẹ̀ kọjá, ibẹ̀ ni ẹ̀ka tí ó lọ sí Ìlaròó àti Ìdógò sì ti yà. Àwọn ọmọ Òwu tí ogun lé kúrò nílé ní àwọn ọdún 1820 wà lára àwọn tí ó dáko sí ilẹ̀ Ìfọ̀. Ìbógùn, tí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti wá, wà níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní ọdún 1978, tí Èkó sì ń kún àkúnya, oko ẹ̀gẹ́ di pulọ́ọ̀tì. Láti ìgbà náà ni bàbá ńlá ti di ọjà ní agbègbè wa.

Ẹ gbọ́ bí ó ti rí. Nínú ìdájọ́ Idundun àti Okumagba ní ọdún 1976, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ la ọ̀nà márùn-ún kalẹ̀ tí ènìyàn lè fi fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀. Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ ni àkọ́kọ́. Olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí ó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó, bí ó ti tẹ̀ ẹ́ dó, àti àwọn tí ilẹ̀ náà gba ọwọ́ wọn kọjá títí ó fi kan òun. Òfin náà dára, nítorí pé ó bọ̀wọ̀ fún ìtàn àtẹnudẹ́nu wa. Kí ni àwa fi ṣe? A sọ ọ́ di iṣẹ́ télọ̀. Mo ti gbọ́ ìtàn ilẹ̀ kan náà lẹ́nu ẹbí méjì ní Ìbàfọ̀. Ọdẹ kan náà, odò kan náà, igi ìrókò kan náà, orúkọ bàbá ńlá nìkan ni ó yàtọ̀. Wọn a gé ẹ̀ka ìyá kan kúrò kí ìpín lè pọ̀. Wọn a sọ àlejò tí wọ́n fún ní ilẹ̀ dáko di ọmọ, wọn a sì sọ ọmọ di àlejò. Wọn a ta ilẹ̀ kan fún ẹni mẹ́ta, wọn a sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní rìsíìtì pẹ̀lú orúkọ bàbá ńlá lókè. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe òfin ní ọdún 2016 láti de àwọn tí ń fi ipá gba ilẹ̀. Òfin lè mú ẹni tí ó gbé àdá. Kò rọrùn fún un láti mú ẹni tí ó gbé ìtàn èké.

Ǹjẹ́ kí ni ìyàtọ̀ láàárín àgbẹ̀ tábà tí ó kọ orúkọ ènìyàn sínú ìwé ogún nítorí owó, àti àwa tí a ń pa orúkọ ènìyàn rẹ́ kúrò nínú ìtàn ẹbí nítorí owó? Gègé ni ó wà lọ́wọ́ tiẹ̀, ahọ́n ni ó wà lọ́wọ́ tiwa.

Mo mọ̀ pé wọn yóò ta kò mí. Ará Amẹ́ríkà yóò sọ pé ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀, pé kò sí bí òun ṣe lè yọ òyìnbó náà kúrò. N kò ní kí ó yọ ọ́. Kí ó kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, kí ó sì kọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tì í: iye ènìyàn tí ó rà, iye tí ó tà. Kí ó fi í sí ibi tí ẹlẹ́rìí ń dúró sí, kí ó má fi í sórí ìtẹ́. Àwọn àgbà ilé wa yóò ní títú irú ọ̀rọ̀ báyìí yóò tú ẹbí ká. Mo dá wọn lóhùn pé ẹbí ti túká tipẹ́. Ilé ẹjọ́ tí wọ́n ń pàdé sí lóṣooṣù jẹ́rìí sí i. Ohun tí a fi pa mọ́ kò pa wá pọ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo ń fẹ́ nìyí. Kí ẹbí kọ̀ọ̀kan ní Mòwé, Ìbàfọ̀ àti Ìfọ̀ kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ẹjọ́ kò tíì sí, kí ó sì kọ gbogbo rẹ̀: ìyá bí ó ti kọ baba, ẹrú àti ìwọ̀fà bí ó ti kọ ọmọ bíbí, àlejò bí ó ti kọ onílé. Àṣà wa ti mọ iyì ìyá tipẹ́. Ìdí-igi ni a fi ń pín ogún, ìyá kọ̀ọ̀kan ni ìdí igi kọ̀ọ̀kan. Kí a gba oríkì sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá àgbà tí ó kù, nítorí pé katakata tí ń tú oko kì í dúró de ẹni tí yóò ka orúkọ sàréè. Bí ọmọ wa láti òkè òkun bá dé pé òun ń wá ilé, ẹ má ta oyè fún un, ẹ má ta bàbá ńlá fún un. Ẹ bá a sọ òtítọ́: pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ tiwa, ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ tiwa, pé ọwọ́ wa sì wà nínú ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀hún. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní omi mu, kí ẹ sì fún un ní àga jókòó.

Orúkọ tí a kò kọ sílẹ̀ ni ó yẹ kí á máa wá. Àgbẹ̀ tábà ti kọ tirẹ̀.